Ìwé Ọ̀rọ̀ Ńláńlá ti Alága Bong

Àìsàn tó gba àga lábẹ́ Alága Bong Gi-tak, ibùdó ọkọ̀ ojú irin ló ti kó o. Ọkọ̀ tó ń padà bọ̀ sí Hwadal láti Seoul pẹ́ lọ́jọ́ náà, alága sì jókòó fún wákàtí kan gbáko láìsí ẹnì kan tó kí i. Ẹ bá mi rò ó wò. Ọkùnrin tó ti wà lórí àga ìjọba ìbílẹ̀ fún ọdún méje, tí kò mọ bí wọ́n ṣe ń ṣí ilẹ̀kùn mọ́ nítorí pé ẹlòmíràn ló ń bá a ṣí i, ni èrò ń gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá bí ẹni ń gba ẹ̀gbẹ́ òpó kọjá. Nígbà tí ara rẹ̀ kò gbà á mọ́, ó wọ ṣọ́ọ̀bù ìwé kékeré kan kí obìnrin tó ń tajà níbẹ̀ lè kí i káàbọ̀. Obìnrin náà kí i. Ojú wá ń ti alága láti jáde lọ́wọ́ òfo, ló bá na ọwọ́ mú ìwé tó súnmọ́ ọn jù lọ. Ìwé ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì líle ni, irú èyí tí àwọn tó ń wá oyè ńlá ń há sórí: ọ̀rọ̀ kan, ìtumọ̀ rẹ̀, àti gbólóhùn kan tó fi hàn bí wọ́n ṣe ń lò ó.

Kí ọkọ̀ tó dé Hwadal, alága ti há ọ̀rọ̀ mọ́kànlá. Àwọn tó gùn nìkan ló há, àwọn kékeré kò wù ú. Kò sì há ìtumọ̀ wọn, nítorí pé lẹ́tà tí wọ́n fi tẹ ìtumọ̀ kéré, alága kì í sì í wọ awò ojú níbi tí èèyàn ti lè rí i. Ohun tó ṣe ni pé ó pe ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan lẹ́ẹ̀mẹta, ó tẹ́tí sí bó ṣe ń dún, ó sì fi làákàyè ara rẹ̀ mọ ohun tó yẹ kó túmọ̀ sí.

Lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì, wọ́n ń ṣe ìpàdé lórí páìpù omi tó bẹ́ ní abúlé mẹ́ta. Olórí ẹ̀ka omi ti ń bẹ̀rù pé alága yóò béèrè ìdí tí wọn kò fi tún un ṣe láti oṣù méjì. Alága dìde, ó tún táì rẹ̀ ṣe, ó ní omi Hwadal yóò di "notorious" láìpẹ́.  Akọ̀wé Àgbà Na Chun-bae ló kọ́kọ́ pàtẹ́wọ́. Alága mẹ́rin ni Akọ̀wé Na ti sìn, ìtẹríba sì ti mọ́ ọn lára débi pé bó bá dúró ṣánṣán, ẹ̀yìn ní ń dùn ún. Bí òun ṣe pàtẹ́wọ́ ni gbogbo ilé pàtẹ́wọ́, olórí ẹ̀ka omi ló sì pa tirẹ̀ kíkankíkan jù. Kò sẹ́ni tó tún dárúkọ páìpù.

Alága padà sí ọ́fíìsì rẹ̀, ó jókòó, ó ronú. Ọdún méje ló ti ń sọ èdè tí gbogbo èèyàn gbọ́, wọ́n sì ń bi í ní ìbéèrè. Ó sọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́, wọ́n pàtẹ́wọ́. Ọjọ́ náà ló yé e pé ohun tí èèyàn kò bá gbọ́, kò lè jiyàn rẹ̀.

Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, àṣẹ ti jáde. Gbogbo òṣìṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ Hwadal, láti ọ̀dọ̀ igbákejì alága dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń gbá òpópónà, gbọ́dọ̀ há ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì líle mẹ́wàá lójúmọ́. Aago mẹ́jọ ààbọ̀ àárọ̀ ni wọn yóò tò síwájú sẹkitéríàtì, wọn yóò na ọwọ́ na ẹsẹ̀ bí orin eré ìdárayá ṣe ń dún, wọn yóò sì ké ọ̀rọ̀, ìtumọ̀ àti àpẹẹrẹ gbólóhùn sókè. Akọ̀wé Na ló fi ìlà tó kẹ́yìn sí àṣẹ náà: nínú gbogbo àpẹẹrẹ gbólóhùn, alága gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀. Ó ní gbólóhùn tí kò bá ní alága nínú dà bí ara tí kò lórí.

Ẹni tí wọ́n yàn láti kó gbogbo rẹ̀ jọ di ìwé ni Ma Ok-hui, obìnrin ọmọ ọdún méjìdínláàádọ́ta tó ń tọ́jú ilé ìkàwé ìlú. Gẹ̀ẹ́sì ló kọ́ ní yunifásítì, ó sì ti tó ogún ọdún tí ẹnikẹ́ni ti bi í léèrè nípa rẹ̀ kẹ́yìn. Ọkọ rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ ní ibi tí wọ́n ti ń kan ọkọ̀ ojú omi ní Geoje, ọjọ́ Àìkú nìkan ló ń wálé. Òun àti ọmọ rẹ̀ obìnrin kan ṣoṣo, Seo-rin, ló ń gbé ilé. Seo-rin wà ní kíláàsì àṣekágbá, ìdánwò àṣewọlé sí yunifásítì sì kù bí oṣù mẹ́jọ. Ẹni tó bá ní ọmọ ní kíláàsì yẹn mọ̀ pé irú ọdún bẹ́ẹ̀, bí òbí ilé bá fẹ́ sín, ìta ló ń jáde sí.

Inú Ok-hui tiẹ̀ kọ́kọ́ dùn sí iṣẹ́ náà. Ó ń fara balẹ̀ kọ ìtumọ̀ kọ̀ọ̀kan bó ṣe yẹ, ó ń wá gbólóhùn tó bá a mu. Akọ̀wé Na máa ń gba ìwé náà lọ́wọ́ rẹ̀ nírọ̀lẹ́, yóò pa gbogbo gbólóhùn rẹ́, yóò fi tirẹ̀ sí i. Ok-hui gbé ìyẹn mì. Ó ní gbólóhùn ẹ̀gọ̀ kò pa èèyàn, bí ìtumọ̀ bá ṣáà ti pé.

Ibi ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ni nǹkan ti yí. Ìjọba ìbílẹ̀ kọ́ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tuntun sí ẹsẹ̀ òkè fún àwọn tó ń gun òkè, alága sì wá ṣí i. Wọ́n so rìbọ́n, wọ́n tẹ́ kápẹ́ẹ̀tì pupa dé ẹnu ọ̀nà ọkùnrin. Alága sọ̀rọ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́rìnlélógójì. Ó ní láti ìgbà ìwáṣẹ̀ ni Hwadal ti ń dúró de ọjọ́ yìí, ó ní àwọn baba ńlá wa ń rẹ́rìn-ín músẹ́ nínú ibojì wọn, ó wá fi gbólóhùn kan kádìí rẹ̀: "Mo ṣe ìlérí fún yín pé bí ọdún bá ń gorí ọdún, ibí yìí yóò máa 'noisome' sí i ni."

Ẹ̀yin tí ẹ ń kà á, ohun tí ọ̀rọ̀ náà túmọ̀ sí ni ohun tó ń rùn débi tó ń kóni nírìíra. Alága rò pé ariwo ayọ̀ ni. Nínú gbogbo ọjọ́ tó fi lo ọ̀rọ̀ yẹn, ọjọ́ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ nìkan ló bá ibi tó yẹ.

Ok-hui kọ ìtumọ̀ tòótọ́ sórí bébà kékeré kan, ó sì fi tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ nà án sí alága lẹ́yìn ayẹyẹ, níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti rí wọn. Ó rò pé oore lòun ṣe é. Lọ́jọ́ kejì wọ́n pè é sí ìpàdé pàjáwìrì, ó sì bá bébà rẹ̀ lórí tábìlì níwájú gbogbo olórí ẹ̀ka, wọ́n fi ife omi tẹ̀ ẹ́ bí ẹni pé ó lè sá.

Alága kò bínú. Ojú àánú ló fi ń wo Ok-hui. "Ìyá Seo-rin," ó ní, "Òyìnbó mélòó ló dìbò ní Hwadal nígbà tí mo wọlé?"

Ok-hui ní kò sí.

"Kò sí. Ṣé ẹ wá rí i? Èdè tó bá wọ ìjọba ìbílẹ̀ yìí, abẹ́ òfin ìjọba ìbílẹ̀ yìí ló wọ̀. Bí mo bá ní ọ̀rọ̀ kan túmọ̀ sí ariwo ayọ̀, ariwo ayọ̀ náà ni títí dé ààlà ilẹ̀ wa. Bó bá ré kọjá afárá, kó máa túmọ̀ sí ohun tó bá wù ú."

Akọ̀wé Na nu omijé ojú rẹ̀. Ó ní òun ti ń ṣiṣẹ́ ìjọba láti ìgbà tí irun òun ti dúdú, òun kò gbọ́ ọ̀rọ̀ tó jinlẹ̀ tó báyẹn rí. Ó dábàá pé kí àwọn ìgbìmọ̀ fọwọ́ sí i, wọ́n sì fọwọ́ sí i. Bí ọ̀rọ̀ mẹ́tàdínlógójì ṣe gba ìtumọ̀ tuntun nípa òfin nìyẹn. "Notorious", tí àwọn tó ni ín ń pe ẹni tí ìwà burúkú rẹ̀ kàn káàkiri, di ẹni tí òkìkí rere rẹ̀ kàn. "Enervate", tó jẹ́ kí a fa agbára tu kúrò lára èèyàn, di kí a fún èèyàn lágbára. "Meretricious", tó jẹ́ ohun tó ń dán lóde tí inú rẹ̀ ṣófo, di ohun tó yẹ fún ẹ̀yẹ.

Wọ́n wá sọ fún Ok-hui jẹ́jẹ́ pé àyè kan ṣí ní ibi tí wọ́n ti ń ṣa ìdọ̀tí lẹ́yìn òkè, pé wọ́n nílò ẹni tó mọ ìwé. Ó mọ ohun tí wọ́n ń wí. Ó padà sílé, ó sì kọ ìtumọ̀ mẹ́tàdínlógójì náà bí alága ṣe fẹ́ ẹ. Kò pa lẹ́tà kan rẹ́. Ohun tó bà á lẹ́rù jù nìyẹn nígbà tó yá, pé òun kò tiẹ̀ pa lẹ́tà kan rẹ́.

Ká ní ìwé náà dúró sí sẹkitéríàtì, bóyá n kò ní máa sọ ìtàn yìí fún yín. Àwọn àgbàlagbà lè máa ké ìsọkúsọ láàárọ̀, kí wọ́n gbàgbé rẹ̀ kí wọ́n tó jẹun ọ̀sán. Ṣùgbọ́n alága rí i pé òun ti bí ọmọ tó gbọ́n, ó sì fẹ́ kí ìlú gbé e jó. Ó ní kí wọ́n tẹ ẹgbẹ̀rún ìwé ó lé ogóje, kí wọ́n fún gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ kíláàsì àṣekágbá ní Hwadal lọ́fẹ̀ẹ́. Àwòrán rẹ̀ wà níwájú, ó gbé ọwọ́ lé àgbọ̀n. Àwọn ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́, tí àwọn náà ní òrùlé tó ń jò tí wọ́n fẹ́ kí ìjọba ìbílẹ̀ bá wọn tún ṣe, bẹ̀rẹ̀ sí mú ìdánwò ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ láti inú rẹ̀.

Ok-hui sọ fún Seo-rin pé kó má ṣí i. Ó ń kọ́ ọ ní ìtumọ̀ tòótọ́ nílé, ó sì rò pé òun ti fi ọgbọ́n yọ ọmọ tòun. Ní òpin oṣù kẹsàn-án, Seo-rin gbé bébà ìdánwò wálé. Nínú ogún, méjìlá ló gbà; wọ́n fagi lé mẹ́jọ tó kọ bí ìyá rẹ̀ ṣe kọ́ ọ. Ó jókòó sídìí tábìlì, kò bọ́ kóòtù rẹ̀.

"Tíṣà ní òun mọ̀ pé èmi ni mo gbà á," ó ní. "Ó ní ṣùgbọ́n ìwé ni ká tẹ̀ lé."

Ok-hui ní kó má da ara rẹ̀ láàmú, pé ìdánwò tòótọ́ ló ṣe pàtàkì, níbẹ̀ yóò ju gbogbo wọn lọ.

"Mo mọ̀, Màmá. Èmi á jù wọ́n lọ. Ye-seul tá a jọ ń jókòó ńkọ́? Ó ti há gbogbo rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ó ní òun ń dúpẹ́ lọ́wọ́ yín." Ó ṣí ẹ̀yìn ìwé náà, ó nà án sí ìyá rẹ̀. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ ní lẹ́tà dúdú: Ẹni tó kó o jọ, Ma Ok-hui.

 Ìyá náà bu ọbẹ̀ ẹ̀wà sóyà fún ọmọ, ọmọ jẹ ẹ́, wọ́n sì sùn.

Ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn èyí ni ọjọ́ àfihàn gam. Gam ni Hwadal fi ń jẹun. Èso náà ni wọ́n ń bó, tí wọ́n ń so rọ̀ sábẹ́ àjà títí atẹ́gùn òkè yóò fi gbẹ ẹ́, tí yóò dùn ju oyin lọ. Ilé iṣẹ́ kan láti Australia fẹ́ máa rà á lọ sí ìlú wọn, wọ́n sì rán èèyàn mẹ́fà wá tọ́ ọ wò. Ìyá àgbà kan tí irun rẹ̀ funfun, Ìyá Hallam, ló ṣáájú wọn. Bí wọ́n bá fọwọ́ sí i, gbogbo gam ọdún náà ti tà kí wọ́n tó ká a lórí igi. Bàbá Gil Man-su, olórí àwọn àgbẹ̀ gam, ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́rin, fúnra rẹ̀ ló ṣa èyí tí wọn yóò tọ́ wò láti inú èyí tó dára jù lọ lọ́dún tó kọjá. Ó tò ó sínú àwo bí ẹni ń to ẹyin.

Àwọn àgbẹ̀ ti háyà ògbufọ̀ láti Daegu. Alága dá a padà láti ẹnu ọ̀nà. Ó ní ta ni yóò wá túmọ̀ Gẹ̀ẹ́sì fún Gẹ̀ẹ́sì? Báńà ńlá kan wà lókè pèpéle tí wọ́n kọ ní èdè Òyìnbó pé àwọn àlejò káàbọ̀ sí Hwadal, ìlú tó "notorious". Ọ̀kan nínú àwọn àlejò wò ó, ó wo ilẹ̀kùn.

Alága bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ rẹ̀. N kò ní sọ gbogbo rẹ̀ fún yín, ẹ ní iṣẹ́ lọ́wọ́. Ó kí òòrùn, ó kí òkè, ó kí ara rẹ̀. Ó wá nawọ́ sí àwo Bàbá Gil, ó sì fi Gẹ̀ẹ́sì sọ fún àwọn àlejò pé kò sí gam tó "noisome" tó ti Hwadal ní gbogbo ayé, pé ẹni tó bá jẹ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan, yóò "enervate" onítọ̀hún títí ọjọ́ ikú rẹ̀.

Gam wà lọ́wọ́ Ìyá Hallam, ó ti ń gbé e bọ ẹnu. Ó dá ọwọ́ dúró. Ó gbé e súnmọ́ imú díẹ̀, ó sì rọra dá a padà sínú àwo.

Bàbá Gil kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, ṣùgbọ́n ó rí ọwọ́ náà. Láti àádọ́ta ọdún tó ti ń ta gam, kò rí ẹni tó dá a padà sínú àwo rí. Ó yíjú sí Ok-hui, tí wọ́n ní kó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ pèpéle kó máa gbé ìwé lé alága lọ́wọ́.

"Ìyá Seo-rin, kí ló sọ fún wọn?"

Akọ̀wé Na ranjú mọ́ ọn. Ok-hui dáhùn pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ṣùgbọ́n etí Bàbá Gil ti wúwo, ó ní kó tún un sọ. Ó tún un sọ, bàbá ní òun kò gbọ́. Ọ̀nà kan ṣoṣo ló kù. Ẹ̀rọ gbohùngbohùn wà lórí igi rẹ̀ níwájú Ok-hui, ó fi ẹnu sí i.

"Ó ní gam wa ń rùn, Bàbá. Ó ní ẹni tó bá jẹ ẹ́, gbogbo agbára rẹ̀ ni yóò tán. Irọ́ ni ìtumọ̀ tó wà nínú ìwé wa. Èmi ni mo kọ ọ́, mo sì mọ̀ pé irọ́ ni nígbà tí mo ń kọ ọ́."

Ó yí padà sí àwọn àlejò, ó sì fi Gẹ̀ẹ́sì tí ó ti wà nínú rẹ̀ láti ogún ọdún, tó ti dípẹtà díẹ̀, ṣàlàyé ohun tí alága fẹ́ wí. Ìyá Hallam tú èémí jáde, ó tún mú gam náà, ó jẹ ẹ́, ó sì mú òmíràn.

Ibẹ̀ ló yẹ kí ọ̀rọ̀ parí sí. Ká ní alága rẹ́rìn-ín, ká ní ó kàn sọ pé àṣìṣe ahọ́n ni, wọn ì bá ti bá a rẹ́rìn-ín, ì bá ṣì wà lórí àga lónìí. Ṣùgbọ́n ó gbé àyà síwájú, ó ní ẹ̀rí wà. Ó ní kí Akọ̀wé Na pín ìwé fún àwọn àlejò kí wọ́n fi ojú ara wọn rí i, nítorí wọ́n ti tẹ̀ ẹ́, ohun tí wọ́n bá sì ti tẹ̀ kò lè jẹ́ irọ́.

Ìyá Hallam ṣí ìwé náà. Èdè wa ni wọ́n fi kọ ìtumọ̀, kò gbọ́ ọ. Gẹ̀ẹ́sì ni àpẹẹrẹ gbólóhùn, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí kà. Ojú rẹ̀ yí padà. Ó ṣí ewé kan, ó ṣí òmíràn, ó pe àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, wọ́n fi orí korí. Lẹ́yìn náà ó dìde, ó lọ bá Akọ̀wé Na, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì mú ọwọ́ rẹ̀, ó ń bọ̀ ọ́ lọ́wọ́ kíkankíkan. Na tẹríba débi tí táì rẹ̀ fi kan tábìlì.

Bàbá Gil tún béèrè pé kí ló sọ. Ok-hui ní Ìyá Hallam ń kí Akọ̀wé Na kú ìgboyà. Ó ní ní ìlú àwọn náà wọ́n máa ń kọ òtítọ́ nípa olóṣèlú, ṣùgbọ́n òun kò rí ibi tí òṣìṣẹ́ ìjọba ti fi owó ìjọba tẹ̀ ẹ́ rí.

Wọ́n ní kó kà á. Kì í ṣe ẹnì kan ló sọ bẹ́ẹ̀, gbogbo gbọ̀ngàn ni. Ok-hui gba ìwé, ó sì ń túmọ̀ àwọn gbólóhùn tí Akọ̀wé Na fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ, bí àwọn tó ni ọ̀rọ̀ ṣe ń gbọ́ ọ.

"Nínú gbogbo ọkùnrin Hwadal, kò sí ẹni tí ìwà burúkú rẹ̀ kàn bíi ti Alága Bong."

"Láràárọ̀ ni ọ̀rọ̀ alága ń fa agbára tu lára àwọn òṣìṣẹ́."

"Gbogbo iṣẹ́ tí alága ṣe fún ìlú ló ń dán lóde, tí inú rẹ̀ ṣófo."

"Ibi yòówù tí alága bá dé, òórùn rẹ̀ kì í tètè lọ."

Ẹ̀rín bẹ̀rẹ̀ láti ìlà ẹ̀yìn, níbi tí àwọn òṣìṣẹ́ ẹ̀ka omi wà. Ó gba àárín, ó dé iwájú. Obìnrin àgbẹ̀ kan di òpó mú kó má baà ṣubú. Alága rò pé àtẹ́wọ́ ló ń bọ̀, ó kọ́kọ́ tẹríba fún un, ọ̀tún, òsì, àárín. Nígbà tó gbé orí sókè, ó rí i pé Akọ̀wé Na ti kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ òun, ó ti lọ dúró sáàárín èrò, òun náà sì ń rẹ́rìn-ín.

Bàbá Gil nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó kó gam tó kù sínú àwo, ó bò ó.

Ilé iṣẹ́ náà ra gam. Ìyẹn kò gba alága sílẹ̀, nítorí pé kí ilẹ̀ tó mọ́ lọ́jọ́ kejì, ọ̀rọ̀ ti dé etí àwọn ìyá. Ẹ lè jí afárá gbé ní ìlú wa, kí ẹ wá àlàyé ṣe. Ẹ lè fi àna yín ṣe olórí ẹ̀ka. Ṣùgbọ́n ẹ má fi ọwọ́ kan ọmọ kíláàsì àṣekágbá nígbà tí ìdánwò ku ọjọ́ méjìdínlógójì. Wọ́n kó ìwé náà wá nínú báàgì, nínú kẹ̀kẹ́ ọmọ, lórí ọ̀kadà tí wọ́n fi ń gbé oúnjẹ kiri. Wọ́n tò ó sẹ́nu ọ̀nà sẹkitéríàtì títí ilẹ̀kùn kò fi lè ṣí, gbogbo àwòrán alága dojú kọ ìta, wọ́n gbé ọwọ́ lé àgbọ̀n.

Ok-hui lọ bá wọn. Ó sọ fún wọn pé orúkọ òun ló wà lẹ́yìn ìwé, òun mọ̀, òun sì dákẹ́, òun ń kọ́ ọmọ tòun ní òtítọ́ nílé nígbà tí àwọn ọmọ tiwọn ń há irọ́. Kò gbìyànjú láti dín in kù. Ìyá Ye-seul, tó ní ilé ìṣerun, wò ó títí.

"N kò tíì lè bá ọ sọ̀rọ̀," ó ní. "Aago mélòó lo máa ń ṣí ilé ìkàwé?"

Ok-hui ní aago mẹ́sàn-án.

"Máa ṣí i ní mẹ́jọ."

Ọ̀sán ọjọ́ náà ni alága gba ẹ̀yìn ilé wọlé, ó sì bá àwọn ìyá pàdé ní gbọ̀ngàn. Ó mú ìwé kan dání, ó sọ̀rọ̀ nípa ìtàn, nípa ìjì tó ń ja igi ńlá. Ìyá Ye-seul dá a dúró. Ó ní wọn kò fẹ́ ọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó ní kó kàn sọ pé òun jẹ̀bi, wọn yóò sì máa lọ sílé, nítorí wọ́n ní oúnjẹ ọmọ láti sè.

Alága ṣí ìwé, ó ń wá ọ̀rọ̀. Ó ṣí i síwájú, ó ṣí i sẹ́yìn.

"Ní èdè wa," ni Ìyá Ye-seul wí.

Àwọn tó wà níbẹ̀ sọ pé ẹnu rẹ̀ là, ó pa dé, ó tún là.  Níkẹyìn ó ní, "Ọ̀rọ̀ yẹn kéré jù fún alága."

Gbólóhùn yẹn ló lé e lọ. Wọ́n gbé e jáde nínú ìwé ìròyìn. Ẹgbẹ́ òṣèlú rẹ̀ ní àwọn kò mọ̀ ọ́n mọ́. Àwọn ìgbìmọ̀ tó fọwọ́ sí ìtumọ̀ tuntun fọwọ́ sí ìwé tó ní kó lọ, Akọ̀wé Na ló sì kọ́kọ́ buwọ́ lù ú, pẹ̀lú pẹ́ẹ̀nì ara rẹ̀. Kí ọjọ́ mọ́kànlá tó pé, Bong Gi-tak ti kọ̀wé fi àga sílẹ̀.

Ojoojúmọ́ ni ilé ìkàwé ń kún. Ok-hui ń kọ́ àwọn ọmọ náà láti bá wọn yọ ohun tó fi sí wọn lórí, ó sì rí i pé yíyọ le ju fífi sí i lọ. Ye-seul lè sọ ìtumọ̀ tòótọ́ dáadáa lónìí, kó tún ṣìṣe lọ́la, kó sì máa sunkún. Ọjọ́ mìíràn Ok-hui náà a bá a sunkún, wọn yóò sì tún bẹ̀rẹ̀.

Ọjọ́ ìdánwò dé, otútù mú bó ṣe máa ń ṣe. Ok-hui àti àwọn ìyá yòókù sin ọmọ dé ẹnu géètì. Ìyá Ye-seul bọ́ ọ̀kan nínú ìbọ̀wọ́ rẹ̀, ó fi wọ Ok-hui lọ́wọ́ láìsọ̀rọ̀, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Ok-hui kò lè jókòó sílé. Ó lọ sí àgbàlá Bàbá Gil, ó mú ọ̀bẹ, ó bẹ̀rẹ̀ sí bó gam, nítorí iṣẹ́ tó bá wà lọ́wọ́ kì í jẹ́ kí ọkàn rìn jìnnà.

Ó ku díẹ̀ kí aago kan lù lọ́sàn-án nígbà tí ẹnì kan dúró lẹ́nu ọ̀nà. Bong ni. Kò wọ táì. Ó ti ṣí ilẹ̀kùn fúnra rẹ̀, kò sì mọ bóyá kó pa á dé. Ó wo àwọn gam tó so rọ̀, ó wo ilẹ̀.

"Bàbá," ó ní, "mo ṣe àìdáa sí yín."

Bàbá Gil kò gbé ojú kúrò lára iṣẹ́ rẹ̀. Ok-hui rò pé bóyá kò gbọ́. Bàbá fi ẹsẹ̀ ti àpótí kékeré kan sí i.

"Ẹ fọ ọwọ́ yín. Otútù ń bọ̀, ọ̀ọ́dúnrún gam ṣì wà nílẹ̀."

Ó jókòó, ó bẹ̀rẹ̀ sí bó o. Nígbà tí bàbá fi bó ogún, mẹ́ta ni Bong bó, mẹ́ta náà sì ti di bíi kókó kékeré.

"Ara èso lẹ ń gé dànù," ni Bàbá Gil wí. "Èèpo nìkan."

Ó mú òmíràn. Eléyìí sàn díẹ̀. Ó wò ó, ó dùn mọ́ ọn, ó sì gbé orí sókè bí ẹni tó ti rí ohun tó lè sọ. Ok-hui rí i bí ó ṣe ń kó èémí jọ sí àyà, bí ó ti máa ń ṣe lórí pèpéle. Nígbà yẹn ni aago kan kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ọkọ̀ òfurufú kò fò mọ́ ní gbogbo ilẹ̀ Korea, bí ìjọba ṣe máa ń pàṣẹ lọ́dọọdún ní àkókò tí wọ́n ń fi etí ṣe ìdánwò Gẹ̀ẹ́sì, àwọn ọkọ̀ lójú títì ti rọra. Bàbá Gil gbé ìka kan sókè.

"Ẹ má sọ̀rọ̀. Àwọn ọmọ ń gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì."

Bong pa ẹnu dé, ó sì ń bó gam lọ.